Iṣẹ́ tí Ìyá Fọlábí Rán Mi

"Wọ́n ní obìnrin yẹn ní kí ògiri..." "Ta ló gbọ́?" "Ọmọ ilé wọn náà ni. Ó ní ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé..." "Háà! Kó wó pa...?" Báyìí ni wọ́n ṣe gbé e kiri Igbó-Ọrà títí ó fi dé Tápà. Ẹ̀yin àgbà ilé wa, èmi Ìbílọlá ni ọmọ ilé yẹn. Ó tó gẹ́ẹ́. Irọ́ ni mo pa, òní ni n ó tú u.

Lọ́dún tí wọ́n ní kí mọ́tò máa gba apá ọ̀tún, táńkì sìmẹ́ńtì tí Tísà Gbénró fi ń gbe òjò lẹ́yìn ilé rẹ̀ sán. Ẹsẹ̀ ògiri amọ̀ yàrá ìyá mi ló ń jò sí. Ẹní rà, òórùn ọ̀rinrin gba gbogbo aṣọ inú àpótí. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi! Ìyá mi lọ bẹ̀ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín: "Màmá, ilé yín ló gbó. Ẹ lọ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ." Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Fọlábí, ni wọ́n ń fi amọ̀ dí ibi tó sán, tí wọ́n ń fi igbá gbọ́n omi kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri wa. Síbẹ̀ mo pa tọkọtaya pọ̀, mo kórìíra wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú, Ìyá Fọlábí rán mi sí ìyá mi. N kò jíṣẹ́. Mo ní nínú mi pé, "Ṣé ẹrú yín ni mí? Ẹ fẹsẹ̀ yín wá sọ ọ́." Ẹ wo orí burúkú! Kí ladani tó pèrun ìdájí, ògiri wó lé ìyá mi lẹ́sẹ̀. Títí dòní, igi ni wọ́n fi ń rìn.

Ẹ mọ àṣà wa: ẹni tí omi rẹ̀ bá wó ògiri ẹlòmíràn, òun ni yóò bẹ ọ̀wẹ̀, yóò po amọ̀, yóò sì bọ́ àwọn tó bá wá mọ ọ́n. Lọ́jọ́ tí ẹ pè wá jọ, Tísà ti fẹ́ gbà. Ni Bàbá Láwàl, àgbà yín, bá bi mí: "Ìbílọlá, ṣé ará ilé Tísà kìlọ̀ fún yín?" Ìyá mi ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí. Mo dorí kodò, mo ní, "Ìyá Fọlábí ní kó wó, kí àwọn lè sinmi." Bàbá Láwàl pàtẹ́wọ́: "Ọmọ tí a kì í gbóhùn ẹ̀! Kí ló fẹ́ fi irọ́ ṣe?" Ìtìjú tí ẹ fi ń yìn mí ni mo fi ba ayé wọn jẹ́. Tísà fò dìde: "Ẹ ò rí i? Àpèkẹ́ ìyàwó mi ni, kì í ṣe èmi!" Kò po amọ̀ kankan. Ó já Fọlábí gbà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó lé ìyá padà sílé bàbá wọn ní Tápà. Ẹ̀yin náà jókòó, ẹnikẹ́ni ò bi obìnrin náà léèrè!

Lánàá, mo pàdé Ìyá Fọlábí lọ́jà Tápà. Wọn ò bú mi. "Ìbílọlá, ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́? Fọlábí ń jẹun?"

Ìyá mi, ẹ forí jì mí. Ẹ ránṣẹ́ lọ mú wọn wá, kí Tísà gbé ọmọ wọn fún wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyí, n kò bù mọ́ ọn, n kò bù kúrò: "Ìbílọlá, sọ fún Màmá kí wọ́n má sùn ní yàrá yẹn mọ́. Ògiri ti mu omi yó. Kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo ti tẹ́ ẹní sílẹ̀."