Ta Lo Fẹ́ Lọ Kí Lórí Òkè?

Inú takisí tá a wọ̀ láti Oǹdó bọ̀ ní Àkúrẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tá a jọ jókòó sẹ́yìn.

"Lọ́la lèmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa wọkọ̀ lọ sí Tàràbà, Màámi. Ọjọ́ márùn-ún la máa fi rìn lórí òkè, nínú igbó ọba."

"Ta lo fẹ́ lọ kí níbẹ̀?"

"Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni. A kàn fẹ́ rìn ni."

"Ṣé mọ́tò ò débẹ̀ ni?"

"Ó dé ẹsẹ̀ òkè. Ibẹ̀ la ti máa sọ̀ kalẹ̀, ká wá máa fẹsẹ̀ rìn."

"Ta ló máa gbà yín sílé tílẹ̀ bá ṣú?"

"Àgọ́ wà, oúnjẹ wà, ẹ̀yìn la máa gbé gbogbo ẹ̀ sí. Mo ti wọn ẹrù mi, kò gbọdọ̀ ju kílò méjìlá lọ. Mo tiẹ̀ gé èèkù búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń fọyín, kó lè fúyẹ́."

Bá a ṣe wọ Àkúrẹ́, ìyá náà ní kí dírẹ́bà bá òun dúró, ó ra búrẹ́dì ńlá méjì, ó sì kó wọn lé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Màámi, ẹrù mi ti pé."

"Ṣé kò sẹ́ni tó ń gbé lórí òkè ọ̀hún ni?"

"Àwọn darandaran wà níbẹ̀."

"Àwọn lo fẹ́ lọ kí nìyẹn. O ò ní í lọ bá wọn lọ́wọ́ òfìfo. Tó bá wúwo jù, ju ìyókù búrọ́ọ̀ṣì yẹn nù."