Àgbò Tí Màmá Mi Dá Padà

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n di ẹni ẹ̀sín ní Bàrígà yìí.

Ẹ mọ̀ pé olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mí. Òfin káràkátà láàárín orílẹ̀-èdè ni mo lọ kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé tí mo sì ń kọ lọ́wọ́ dá lórí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí àwọn oníṣòwò ń fúnni ní Àpápá kí ẹrù wọn lè wọlé. Àwọn kan nínú yín ń pè mí ní Tíṣà Àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo ti gbọ́ o.

Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni oníṣòwò pańla kan, tó wà lára àwọn tí ìwé mi ń bá wí, fi àgbò ńlá ránṣẹ́ sí wa. N kò sí nílé. Màmá mi ló gbà á, wọ́n sì gbàdúrà fún un dáadáa. Nígbà tí mo dé, mo ní ká dá a padà. Màmá ní èèwọ̀, ta ló ń dá ẹ̀bùn ìkómọ padà? A fa ọ̀rọ̀ náà títí, àgbò ń jẹ èèpo iṣu wa.

Àṣé ọkùnrin náà ti lọ bá òyìnbó ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, pé mo gba àgbò kí n lè yọ orúkọ òun kúrò nínú ìwé, kí wọ́n lè lé mi, kí ìwé náà má sì jáde. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Iṣẹ́ mi fẹ́ bọ́, àgbò sì wà lọ́gbà mi, kí ni mo fẹ́ wí? Èmi, ìyàwó mi àti Màmá kúnlẹ̀ gbàdúrà, mo sì jáde.

Mo dúró níwájú òyìnbó, oníṣòwò jókòó. Ni akọ̀wé bá wọlé, ó ní ìyá àgbà kan wà níta pẹ̀lú àgbò. Màmá mi ni! Wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn láti Bàrígà, wọ́n fà á gba Fádèyí kọjá. Wọ́n kí ọ̀gá, wọ́n kọjú sí oníṣòwò, akọ̀wé ń túmọ̀.

“Èmi ni mo gba àgbò yìí. Ọmọ mi ní kí n dá a padà, mo kọ̀. Àdúrà tí mo ṣe fún yín, ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa mú un lọ. Ẹ gba àgbò yín.”

Òyìnbó ní kí ọkùnrin náà máa fa ẹran rẹ̀ lọ, kí èmi padà sí kíláàsì mi. Orí àtẹ̀gùn ni mo jókòó sí, tí mo sunkún ayọ̀.

Màmá ní lẹ́yìn tí mo jáde, àwọn fẹ́ ṣe Àmín sí àdúrà wa, kò jáde lẹ́nu àwọn, àfi ìgbà tí àwọn tú okùn àgbò. Ọlọ́run ló ṣe é, ará!

Ẹja tí àwọn ẹbí Màmá gbé wá láti Ìlàjẹ la fi ṣe ìkómọ, ọmọ náà nìyí lọ́wọ́ ìyàwó mi. Iṣẹ́ mi ò bọ́, orúkọ mi ò bàjẹ́. Ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run, kí ẹ sì bá mi kí Màmá. Àwọn ló wà ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn yẹn, tí wọ́n ń fi gèlè bojú.