Ìbọn Tí Kò Ní Ba Ẹran Jẹ́

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè dúró ní wọ́ọ̀dù láti àárọ̀ dalẹ́ kí n sì tún délé wá ro ọkà… Táyọ̀, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Mo ní kó o gbé e sílẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ. Ṣé ẹ rò pé etí mi ti di ni? Ojú ló ń dùn mí, etí mi pé.

Ọ̀rọ̀ ìbọn lẹ̀ ń sọ. Ẹ fẹ́ lọ pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó. O wá bi ọ̀rẹ́ rẹ pé nínú gbogbo ọta yẹn, èwo ni kò ní ba ẹran jẹ́. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe sọ ọ́, o sì ń rẹ́rìn-ín. Kíṣìnì ni mo wà, abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ sáré wọlé, ó ní, "Màmá, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Ṣé lóòótọ́ ni kò sí? Jókòó. Bísí, ìwọ náà jókòó, ìwọ mọ díẹ̀ nínú ẹ̀. Ọmọ rẹ ò mọ nǹkan kan. Wọ́n kàn sọ fún un pé áàsídẹ́ǹtì ló pa bàbá àgbà. Áàsídẹ́ǹtì! Bí ẹni pé mọ́tò ló gbá a.

Ẹ gbọ́. Adelphi, ní Amẹ́ríkà níbí, la wà nígbà yẹn, nínú àpátímẹ́ǹtì oníyàrá méjì, lókè pátápátá. A ò tíì ra ilé Hyattsville yìí. Nínáìtísì ni. Lónìí, ẹ wa mọ́tò dé Riverdale, ẹ ti rí iṣu, ẹ ti rí èlùbọ́, ẹ tún ń ṣe fáárí pé iṣu yẹn ò dára tó. Nígbà tiwa, tí ẹnì kan bá ti ilé dé tó mú ẹ̀gúsí dání, gbogbo wa la máa gbọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an, gbọ̀ngàn àwọn òyìnbó la yá. Tí àwọn bá parí tiwọn láàárọ̀, àwa á wọlé lọ́sàn-án.

Ìkórè wá dé. Tiyín lónìí, fóònù lẹ fi ń sanwó Ìkórè, ẹ ò ní dìde lórí àga pàápàá. Tiwa, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ru nǹkan, á jó lọ síwájú pẹpẹ. Lọ́dún kan, àwa ìyá ṣe bẹbẹ. A gbé iṣu, a gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a gbé tọ̀lótọ̀ló. Àwọn bàbá ńkọ́? Wọ́n gbé páálí kóòkì àti tíṣù. Tíṣù! Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín títí, Fíkà fi ìwé orin bojú.

Ọkọ mi ni alága ẹgbẹ́ àwọn bàbá. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. A délé, kò tíì bọ́ bàtà, ó ní, "Ìyá Bísí, lọ́dún tó ń bọ̀, odindi ẹran la ó gbé síwájú Olúwa. Odindi. T'orí t'ẹsẹ̀." Mo ní kó lọ jẹun.

Irú èèyàn wo ni? Akáńtáǹtì ni, ọ́fíìsì ìjọba ló wà. Fúnra rẹ̀ ló ń lọ aṣọ rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Bàbá bàbá rẹ̀ ṣọdẹ lápá Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n òun kò pa eku rí. Ẹ ṣáà ti sọ̀rọ̀ igbó, á fọwọ́ sọ̀yà: "Ọmọ ọdẹ ni mí o." Ọmọ ọdẹ tó ń sá fún aáyán! Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ dùn. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ júwe ẹ̀rín yẹn fún yín…

Bọ̀dá Gbóyèga ló mú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ wá. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni, ó fi díẹ̀ jù ú lọ, òun ló ní bọ́ọ̀sì tí a fi ń kó ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ òun ní ẹ̀gbọ́n tó ń dáko ní South Carolina. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń hú oko ọkùnrin náà, ó ń wá ẹni tó máa bá òun pa wọ́n, kí onítọ̀hún sì kó ẹran rẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Maryland níbí, ẹ ò lè rí wọn.

Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń pè é ṣá. Bọ̀dá Gbóyèga jókòó sórí àga mi, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ní, "Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ náà ni? Ẹlẹ́dẹ̀ tá à ń lé kúrò ní gọ́tà n'Ìbàdàn? Òkò lásán là ń sọ lù ú." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó pè é ní túùkú. Ká ní wọ́n pè é ní túùkú ni, ọkọ mi ì bá rántí ìtàn bàbá bàbá rẹ̀, ara rẹ̀ ì bá bù máṣọ. Ọdẹ tó gbójú ń bẹ̀rù túùkú. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀… ta ló ń bẹ̀rù ẹlẹ́dẹ̀?

Mo bá wọn dé ṣọ́ọ̀bù ìbọn, torí pé a fẹ́ lọ ra bàtà Bísí lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó ń tà á, bàbá òyìnbó kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Ó ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ìbọn pa. Wọ́n sọ fún un. Ó gbé ọta kan kalẹ̀, ó ní tatí-o-síìsì lorúkọ rẹ̀. Ọta yẹn gùn ju ìka mi lọ. Ó tún gbé òmíràn kalẹ̀, tírì-o-éètì, ìyẹn kúrú díẹ̀. Ó ní èyí tó bá wù wọ́n nínú méjèèjì. Ó ní awọ èjìká ẹlẹ́dẹ̀ igbó le bíi táyà, ọta rẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo, kó wọlé, kó sì fẹjú nínú ibẹ̀.

Ọkọ mi ní, "Ihò tó máa dá sí i lára ńkọ́?" Bàbá náà ka ọwọ́ ara rẹ̀ pọ̀, ó fi ẹ̀ṣẹ́ hàn wá. Ó ní ibi tó bá gbà jáde á tó báyìí.

Ọkọ mi wo Bọ̀dá Gbóyèga. Bọ̀dá Gbóyèga wo ọkọ mi. Ọkọ mi wá bèèrè, bí ìwọ Táyọ̀ ṣe bèèrè láàárọ̀ yìí gẹ́lẹ́, pé èwo ni kò ní ba ẹran jẹ́?

Bàbá náà na ọwọ́ sí àpótí ọta. Ó wá fa ọta tín-ín-rín kan yọ, tuu-tuẹntí-tírì, orí rẹ̀ le, kì í fẹjú. Ó ní ìyẹn á kàn dá ihò kékeré, á gba ibẹ̀ kọjá lọ. Ó ní ṣùgbọ́n bébà ni wọ́n ń fi ta, fún ìdánrawò, òun kò ní fún ẹnikẹ́ni kó fi dojú kọ ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Bọ̀dá Gbóyèga bá fi Yorùbá sọ ọ́, kí ọkùnrin náà má baà gbọ́: "Má dá a lóhùn. Ọjà ló ń tà. Èyí tó wọ́n ló fẹ́ dì fún wa." Ṣé ẹ rí wa? A ti bá oníṣòwò jà lórí owó ọjà títí, a ò mọ ìgbà tí oníṣòwò ń gbà wá là mọ́. Ìbọn ọta tín-ín-rín yẹn ni wọ́n rà. Bàbá náà ń dì í, ó tún wo ojú ọkọ mi, ó ní, "Sà, ẹran náà á kú o. Àmọ́ kì í ṣe ìgbà tí ẹ fẹ́ ni yóò kú."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹran ìkórè ni, a kì í gbé ẹran tó ya síwájú Olúwa.

Wọ́n lọ. Mo di mọ́ínmọ́ín fún wọn. Ó wọ kẹ́ńbáàsì funfun, ó juwọ́ sí mi láti ìsàlẹ̀. Ẹ ò rí i pé kẹ́ńbáàsì funfun kọ́ ni wọ́n ń wọ̀ lọ ṣọdẹ…

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko, Bọ̀dá Gbóyèga ló sọ ọ́ fún mi, díẹ̀díẹ̀, ó gbà á lọ́pọ̀ ọdún kó tó sọ ọ́ tán. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ kan jáde, ó dúdú, ó ga dé itan èèyàn, eyín rẹ̀ yọ síta. Ọkọ mi yìnbọn sí i. Ó bà á, èjìká rẹ̀ gan-an ló bà. Ẹran yẹn kàn gbọn ara rẹ̀ nù, ó wọ inú igbó ṣúúrú. Ọlọ́kọ̀… àní olóko ní kẹ́nikẹ́ni má tẹ̀ lé e, kí wọ́n dúró kóun lọ mú ajá wá. Wọ́n dúró díẹ̀. Ọkọ mi ní, "Gbóyèga, ajá á fà á ya." Ó bá wọgbó.

Ajá á fà á ya. Ẹ gbọ́ o. Ẹran náà ló ṣì ń rò.

Bọ̀dá Gbóyèga gbọ́ ìró ìbọn. Ó tún gbọ́ òmíràn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tó ń pe orúkọ òun. Ẹ̀gbẹ́ lẹran náà ti yọ sí i, ó fi eyín ya inú itan rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ iṣan tó wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bọ̀dá Gbóyèga fi bẹ́líìtì dì í. Olóko sáré lọ sílé lọ fóònù. Ẹ̀yin lónìí, fóònù wà lápò ọmọ ìléèwé. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ní fóònù tó ń gbé kiri, olówó ni. Kí áńbúláǹsì tó dé, ẹ̀mí rẹ̀ ti bọ́. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé, "Gbóyèga, ẹran náà dà? Kò bàjẹ́, àbí?" Bọ̀dá Gbóyèga ní kò bàjẹ́. Ọkọ mi ní, "Ó dáa." Ìyẹn náà ni.

Bọ́ọ̀sì wọn dé lọ́sàn-án Sátidé. Mo yọjú lójú wíńdò, mo rí bọ́ọ̀sì, mo rí Bọ̀dá Gbóyèga tó ń gbé kúlà ńlá sọ̀kalẹ̀. Olóko ló ti rí ẹlẹ́dẹ̀ náà níbi tó kú sí, ó kun ún, ó fi yìnyín sí i, ó gbé e sínú ọkọ̀ fún un. Bọ̀dá Gbóyèga ní òun ò mọ ohun tóun lè fi ọwọ́ òun ṣe, lòun ṣe gbé e. Èmi ò mọ̀. Inú mi dùn. Mo kígbe, "Ẹ kú ewu ọdẹ o! Bísí, wá wo ẹran dádì rẹ!" Bísí sáré jáde… Má sunkún, Bísí. Má sunkún, ọmọ mi. Ọmọdé ni ẹ́, èmi ni mo pè ọ́.

Fíkà ló tẹ̀ lé e lẹ́yìn, pẹ̀lú bàbá ìjọ kan. Fíkà jókòó, ó ní ká fún òun lómi mu. Omi yẹn ni mo ń bù lọ́wọ́ tí mo fi mọ̀. Àwọn àgbà ò ní gun gbogbo àtẹ̀gùn yẹn wá sílé mi lọ́sàn-án Sátidé torí omi. Mo ní, "Fíkà, Bàbá Bísí dà?" Ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó.

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kún ilé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo dìde láàárín wọn, mo lọ ṣí kúlà. Orí rẹ̀ pé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Mo gbé èjìká rẹ̀, ihò kan níhìn-ín, ihò kan lọ́hùn-ún, bí ẹni fi bírò lu ú. Ẹran náà ò bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rárá. Itan ọkọ mi ló ya.

Mo wọ́ kúlà yẹn lọ síbi àgbá ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé. Obìnrin kan ní, "Ìyá Bísí, ẹran nìyẹn o, ẹ jẹ́ ká…" Mo wò ó, ó yà lọ́nà fún mi. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó bá ro ìyà, tó bá pẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi ni mo ro ó lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Ìkórè dé, àwọn bàbá jó dé iwájú pẹpẹ lọ́wọ́ òfo. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ayé ti yí padà, lóòótọ́. Ohun gbogbo wà nínú fóònù yín, ìbọn, ọta, bó ṣe wúwo tó, bó ṣe ń sáré tó. Ẹ sì tún ń bèèrè ìbéèrè kan náà! Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó bèèrè pé èwo ló máa mú ọkọ mi délé.

Táyọ̀, ọmọ yunifásítì ni ẹ́, mi ò lè so ọ́ mọ́lẹ̀. Tó o bá máa lọ, èyí tó ń dá ihò bí ẹ̀ṣẹ́ ni kó o rà. Jẹ́ kó fọ́ èjìká rẹ̀. Jẹ́ kó ba ẹran jẹ́. Tó bá wọgbó, dúró de ajá, jẹ́ kí ajá fà á ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Kó o wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi yìí, lọ́wọ́ òfo, kó o ní, "Màmá àgbà, ẹran ti bàjẹ́." Màá bu omi fún ọ… wàá sì mu ún.