Ọmọ Mi Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tilẹ̀kùn

Ẹ yin Olúwa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yìn ín sókè sí i! Ọlọ́run tó ń ṣílẹ̀kùn náà ló ń fún èèyàn láyà láti tì í. Ògo!

Ẹ̀yin ará, èmi ni ìyá Rónkẹ́. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ni ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n máa ń fi àgádágodo ti àwọn òṣìṣẹ́ mọ́lé láti ìta, kí wọ́n má baà gbé ọjà jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná sọ. Ojú fèrèsé ni Rónkẹ́ gbà jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò jáde.

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni ọmọ mi kò fi lè dúró nínú yàrá tí wọ́n bá tilẹ̀kùn rẹ̀. Bó bá ń sùn, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ gbayawu, èmi á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ṣọ́ ọ. Ẹbí kò yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Dókítà ní, "Ìyá, ara rẹ̀ ti jinná. Ẹ̀rù ló kù. Ẹ má fipá mú un."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ń lọ síbi iṣẹ́ ìgbálẹ̀ mi ní Aláúsá. Rónkẹ́ ń sùn. Olè ti wọ ilé kejì sí wa lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀yin ará, èmi ìyá rẹ̀ ni mo fi àgádágodo tì í mọ́lé! Mo rò pé ààbò ni.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti gé àgádágodo. Délé, jórinjórin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí wa, ń fún ọmọ mi lómi. Igbe rẹ̀ ló gbọ́, àti bó ṣe ń forí lu ilẹ̀kùn.

Mo figbe ta: "Ta ló ní kí o já ilé mi?"

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ nà mí, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ má tì í mọ́lé mọ́."

Rónkẹ́ ní, "Màámi, ó ní orí mi le ju irin òun lọ, pé díẹ̀ ló kù kí n fi já ilẹ̀kùn." Ó sì rẹ́rìn-ín! Ọmọ mi rẹ́rìn-ín! Ẹ ṣeun, Jésù!

Délé fi irin ṣe ilẹ̀kùn tuntun fún wa, inú nìkan ló ti ṣeé tì. Lójoojúmọ́ ló ń jókòó síta, tó ń bá a sọ̀rọ̀, Rónkẹ́ tó wà nínú yàrá á sì máa rọra fa ilẹ̀kùn náà mọ́ra. Oṣù méje ló gbà kí àlàfo ẹnu ilẹ̀kùn tó dín láti ìbú àtẹ́lẹwọ́ sí ìka kan.

Nígbà tí Délé wá tọrọ Rónkẹ́ láti fi ṣaya, mo kọ̀. "Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?"

Rónkẹ́ kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ ti ṣọ́ mi tó. Ẹ lọ sinmi."

Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n mo yọ̀ǹda rẹ̀. Onígbòǹgbò ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé báyìí. Láàárọ̀ àná ló pè mí: "Màámi, mo tilẹ̀kùn sùn. Délé kọ́ ló tì í o, èmi ni."

Halelúyà!

Èmi nìkan ló kù nínú yàrá wa. Mo ṣì ń gbé àga sẹ́nu ọ̀nà kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tí mò ń ṣọ́. Àná ni mo tó gbé àga náà wọlé.

Ìwọ tí ò ń ṣọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, má sọ̀rètí nù. Bí Ọlọ́run bá rán olùrànlọ́wọ́ sí i, má dí ẹnu ọ̀nà. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Ẹ rántí mi nínú àdúrà, ẹ̀yin ará, kí èmi náà lè tilẹ̀kùn mi, kí n sì sùn.