Ilé Mùnírù Ò Ṣàdédé Pẹ́

Ẹ dúró ná, Ààfáà. Kí ẹ tó ṣàdúà ìṣílé yìí, èmi Gàníyù bíríkìlà fẹ́ sọ ohun tó dá ilé náà dúró fọ́dún mẹ́ta. Gbogbo ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló gbà pé SAP tí ìjọba gbé dé ni, pé sìmẹ́ǹtì ló wọ́n. Irọ́ ni. Èmi ni.

Kí lẹ ń fajú ro sí mi fún? Ìdajì ilé àdúgbò yìí, ọwọ́ mi ló kọ́ ọ, yàrá kan ṣoṣo ni mo sì ń háyà gbé. Àfi ìgbà tí àbúrò mi Mùnírù, tó ń ta pákó l'Ọ́jà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní kí n wá kọ́ tòun. Inú bí mi, mo bá ń fi iṣẹ́ náà falẹ̀. Mo sì mọ̀ pé kò ní yẹ̀ mí lọ́wọ́ wò, àbúrò wo ló ń bi ẹ̀gbọ́n pé iṣẹ́ dà? Bó bá ti wálé Iléyá, "Ẹ̀gbọ́n ló mọ̀ ọ́n" ni tirẹ̀, á tún gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ.

Ìyá wa, Kúbúrátù, ló ń bi mí. Yàrá alámọ̀ rẹ̀ ń jò. "Gàníyù, ìgbà wo lo máa kan páànù sílé àbúrò rẹ? Mo fẹ́ sùn níbẹ̀ kí n tó kú." Mo ní, "Sìmẹ́ǹtì wọ́n, Ìyá." Ojú ò tì mí.

Èyí tó burú jù rèé. Lọ́dún tó kọjá, Mùnírù kó ọgbọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì wá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí gbogbo yín wà ní mọ́ṣáláṣí, mo yọ pákó tó wà lábẹ́ wọn, mo sì ká ọ̀rá tó bò wọ́n kúrò. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì, gbogbo rẹ̀ dì gbagidi. Mo ní ayédèrú ni wọ́n tà fún un. Mùnírù dọ̀bálẹ̀ fún mi! "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mo dá yín lọ́wọ́ kọ́."

Kò ju oṣù méjì lọ tí òtútù yàrá tó ń jò yẹn fi pa Ìyá. Pálọ̀ yìí la sin ín sí, kò tíì lórùlé nígbà náà. Lọ́jọ́ náà gan-an, mo wá àpò sìmẹ́ǹtì méjì rà, mo rẹ́ ojú sàárè rẹ̀ títí tó fi dán. Mùnírù wò ó, ó wá wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé sìmẹ́ǹtì wà lónìí?"

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bi mí léèrè nìyẹn. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi parí ilé.

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ bú mi bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ̀gbọ́n yín bá ń bá yín kọ́lé, ẹ máa bi í pé iṣẹ́ dà. Ó yá, Ààfáà, ẹ ṣàdúà yín. Orúkọ Ìyá ni kí ẹ kọ́kọ́ dá, òun ló kọ́kọ́ sùn níbí.