Mo Fọwọ́ sí Iṣẹ́ Tí N Kò Wò

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ̀yin tó ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí. N kò ní kí ẹ bá mi sunkún, nítorí ẹkún ti tán lójú èmi fúnra mi. Mo ń jẹun, mo ń lọ síbi iṣẹ́, bí àwọn èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn mọ́ mi nínú gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó dùn mí. Bóòtù irin kan wà nínú báàgì mi tí kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń gbé e kiri. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, ọkùnrin kan fẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé àìkíyèsára òun ló fa ìjàǹbá tó sọ òun di ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Èmi ló ní kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Èmi nìkan ni mo sì mọ̀ dájú pé kò jẹ̀bi.

Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ bàálù títúnṣe ni mo sì kọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, obìnrin náà ń ṣe é. Àwọn bàálù kéékèèké tó ń fọ́n oògùn sí oko là ń tún ṣe ní pápá kan lẹ́bàá Òṣogbo. Irú bàálù bẹ́ẹ̀ kì í ní táyà lábẹ́ imú. Méjì wà lábẹ́ àyà rẹ̀, ọ̀kan kékeré sì wà lábẹ́ ìrù, òun là ń pè ní táyà ìdí. Irin pẹlẹbẹ bíi ti abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ló so ó mọ́ ìrù, bóòtù ló sì di irin náà mú. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kí ni táyà tí kò ju àwo ọbẹ̀ lọ fẹ́ ṣe? Òun ni awakọ̀ fi ń darí bàálù tó bá ti kanlẹ̀. Bó bá já lórí eré, bàálù á yí bí òkòtó.

Bàbá Rafíù ni ọ̀gá mi. Ọmọ Òṣogbo ni, mùsùlùmí tó mọ Ọlọ́run, ó ti ṣiṣẹ́ bàálù lókè Ọya kó tó padà wálé. Ilé ìwé fún mi ní ìwé ẹ̀rí, Bàbá ló fún mi níṣẹ́. “Ìjẹ̀ṣà” ló máa ń pè mí, á sì máa fi òṣómàáló bú mi. Á ní àwọn bàbá wa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ra aṣọ wọn láwìn, wọn ò dìde títí olúwa rẹ̀ fi sanwó, pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí n máa lóṣòó ti táyà ìdí, kí n má dìde títí n ó fi rí gbogbo ohun tó yẹ kí n rí. Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí i, bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ kí bàbá tó bí mi.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kọ́ ló ń fọwọ́ sí i pé ó pé, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ wò ó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí à ń wò nídìí táyà náà kò pọ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti fún nọ́ọ̀tù mọ́ bóòtù, irin tín-ín-rín kan wà tí à ń pè ní pínnì, a ó kì í gba inú ihò tó wà lórí bóòtù, a ó sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, kí nọ́ọ̀tù má baà tú. Bí kò bá sí pínnì, ìgbọ̀nrìrì ilẹ̀ á máa tú nọ́ọ̀tù díẹ̀díẹ̀ títí á fi bọ́.

Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Gbogbo wa la mọ̀. Bó bá fẹ́ mú kọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ wá a lórí tábìlì. Ta ni yóò wá sọ ọ́ fún un? Ní ọjọ́ kan, Káyọ̀dé tó ń wa ọ̀kan nínú àwọn bàálù náà, ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, wá ní ìrù bàálù òun ń gbọ̀n tóun bá kanlẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n gbé ìrù náà lé orí àgbá. Ó tú u, ó bá a pé bóòtù ti jẹ ihò irin, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó fi gíríìsì kún ibẹ̀ dáadáa, ó sì tò ó padà. Ìdí ẹ́ńjìnnì lèmi wà. Nígbà tó parí, ó pè mí kí n wá wò ó.

Mo dé ibẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.” Ẹ gbọ́ mi yé o. Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, ojú mi àti táyà náà ṣe déédéé. Kí n kàn yí orí, kí n fi àkísà nu gíríìsì kúrò lórí nọ́ọ̀tù, ó parí. Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé dúró tì wá, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù náà wà níbẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ṣé kí n wá máa nu iṣẹ́ ọ̀gá mi wò lójú gbogbo ayé, bí ẹni ń sọ pé ojú rẹ̀ ti fọ́? Àgbàlagbà ni. Mo dìde, mo gba bírò, mo fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ kẹta, Káyọ̀dé kanlẹ̀ láàárọ̀, táyà ìdí sì já. Bàálù yí, apá rẹ̀ kan gbá ilẹ̀, ó dojú dé. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Iléṣà pẹ̀lú egungun ẹ̀yìn tó ti dá. Kí àwọn olùwádìí tó dé ni mo ti rí bóòtù nínú koríko. Kò ṣẹ́, kò tẹ̀. Gíríìsì ṣì dí inú ihò rẹ̀ pinpin, kò sí pínnì kankan tó gba ibẹ̀ kọjá rí. Mo sọ ọ́ sápò. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní mo wò ó, ó pé. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí bóòtù, ni wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé awakọ̀ ló kanlẹ̀ kíkankíkan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bi mí gan-an, Bàbá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ìjẹ̀ṣà, ṣé o wò ó?”

Mo ní, “Mo wò ó, Bàbá.”

Ó ní, “Alihamudulilai.” Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe wálẹ̀. Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ojú náà ti fọ́ tán báyìí, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá dé ilé rẹ̀ ló ń ṣàdúrà fún mi.

Oṣù tó kọjá ni mo lọ kí Káyọ̀dé ní Ìmẹ̀sí. Ìyá rẹ̀ gúnyán fún mi, mo sì jẹ ẹ́. Ọmọ náà ní kò sí ẹni tó fẹ́ gba òun síṣẹ́ awakọ̀ bàálù mọ́, pé ilé iṣẹ́ ní kóun wá fọwọ́ sí ìwé kí ọ̀rọ̀ lè parí. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà títí ó ti gbà á gbọ́. Ó ní òun ló kanlẹ̀ kíkankíkan jù. Ó wá wò mí lójú, ó ní, “Ẹ má bínú, àǹtí. Mo ba iṣẹ́ yín jẹ́.” Ìyá rẹ̀ ní Ọlọ́run á dá gbogbo rẹ̀ padà. Èmi náà ní àmín. Irú èèyàn wo ni mí?

Mo gba Òṣogbo lọ, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Rafíù, mo fi bóòtù náà sí i lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò yí i po. Ó kan ihò rẹ̀, ó fi ìka tọ gíríìsì inú rẹ̀. Ó bi mí níbi tí mo ti rí i, mo ní inú koríko ni. Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó wá tún bi mí léèkejì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, “Ìjẹ̀ṣà, ṣé o wò ó?”

Mo na ọwọ́ sí bóòtù náà. Ó dá bóòtù padà fún mi, mo sì wá sílé.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tíì pé ọdún méjì, ó sì ti rẹ̀ mí. Bí mo bá sọ òótọ́, Bàbá á mọ̀ dájú pé ọwọ́ òun ló ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn, níbi tó jókòó sí nínú òkùnkùn. Bí mo bá dákẹ́, Káyọ̀dé á fọwọ́ sí ìwé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Ọjọ́ Ajé tó dé. Ohunkóhun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ fún mi, ẹ ṣáà má sọ pé àgbàlagbà ni. Ohun tí èmi náà sọ fún ara mi nìyẹn, lórí ìkúnlẹ̀, tí táyà náà wà níwájú mi.