Èmi Ni Mo Gbé Bátìrì Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Táńkì Epo

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọdún kẹfà rèé tí ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ fi mí jókòó sí ipò tí kì í ṣe tèmi ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀.

Jórinjórin, tí wọ́n ń pè ní sùdọ̀, ni mí ní Bouaké níbí, ní ilẹ̀ Ivory Coast. Kékeré ni mo wà nígbà tí bàbá mi kó wa dé láti Gánà. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń tún ṣe, kò sì sí Ànàgó, ìyẹn àwa Yorùbá ibí, tó ní kámíọ̀ tí kò mọ ilé iṣẹ́ mi.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí ìlú bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, epo wọ́n bí ojú. Ẹnìkan tó ní kámíọ̀ ní kí n fi táńkì kejì kún ti àkọ́kọ́, kí ọkọ̀ náà lè lọ sí ibodè kó sì padà láì ra epo lójú ọ̀nà. Àpótí bátìrì ló wà níbi tí táńkì yẹ kó wà. Ó yẹ kí n gbé àpótí náà lọ sí òdìkejì ọkọ̀, jìnnà sí epo, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ méjì nìyẹn. Ọlọ́kọ̀ ń kán mi lójú, èmi náà sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ọwọ́ mi yá. Mo so bátìrì mọ́ ẹ̀yìn táńkì, àlàfo àárín wọn kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo gba wáyà rẹ̀ kọjá lórí táńkì, n kò sì fi rọ́bà wé e.

Múfú, awakọ̀ ọkọ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bátìrì yìí ò sún mọ́ epo jù?"

Mo ní, "Ṣé ìwọ ni sùdọ̀ ni àbí èmi? Lọ wa ọkọ̀ ẹ jàre." Ó rẹ́rìn-ín, ó tọrọ àforíjì.

Kò pé oṣù kan tí ọkọ̀ náà gbiná. Ràmátù, ìyàwó Múfú, wà nínú rẹ̀, ó ń lọ kí ìyá rẹ̀. Múfú rí ọ̀nà bọ́ sílẹ̀. Iná ká Ràmátù mọ́bẹ̀.

Ìta ìlú níbí ni, wọ́n sì sáré wá pè mí. Bí àwọn yòókù ti ń gbé Múfú lọ sílé ìwòsàn, mo rí wáyà mi tó ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ara táńkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, òun ló burú jù. Mo gé wáyà náà, mo sọ ọ́ sínú igbó.

Ilé ẹjọ́ ti wà ní títì láti ìgbà ogun. Àwọn àgbà Ànàgó ní àdúgbò Koko ló pe ìpàdé, wọ́n ní kí èmi tí mo mọ iṣẹ́ sọ ohun tó fa iná. Gbogbo wa la mọ̀ pé Múfú a máa mu sìgá. Mo ní, "Sìgá ni." Lẹ́yìn náà ni mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lé e kúrò láàárín wa. Wọ́n ní aláàánú ni mí.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fún Múfú ní ọkọ̀ wà mọ́. Mọ́ṣáláṣí ló ń gbá kiri. Sìdí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní àdúgbò Dougouba, kò sì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Nísinsìnyí, wọ́n fẹ́ so yìgì Sìdí. Ó wá bá mi, ó pè mí bí ọmọ ti í pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ níbí: "Tọ́ntọ̀n, mi ò fẹ́ kí ẹni tó pa ìyá mi jókòó níbẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá ṣe bàbá mi." Ẹnu mi gbà, ọkàn mi kò gbà.

Àná ni Múfú fúnra rẹ̀ wá. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Ṣe ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbà láti dúró fún ọmọ mi. Mi ò rántí pé mo tan sìgá lọ́jọ́ yẹn. Mo rò ó títí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́, ẹ ò sì ní purọ́ mọ́ mi. Ẹ bá mi sọ fún Sìdí pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Mo sunkún. Ó rò pé àánú òun ló ń ṣe mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ ọ́, yìgì lè dàrú, ìlú á sì tutọ́ sí mi lára. Bí n kò bá sọ ọ́, èmi tí mo pa ìyá ọmọ yìí ni n ó ṣàdúà lé e lórí ní Sátidé, Múfú á sì wà lẹ́yìn ògiri mọ́ṣáláṣí, á máa ṣe àmín.